Ìpara Òjò-Yàgò àti Mọ́tò Tí Ọwọ́ Kò Lè Dì Mú

Ṣé ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí mọ ohun tó gbé e dé ẹnu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé, "Bí o bá máa dán, fi ibi ìdìmú sílẹ̀"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú yín. Ẹ máa ń gbọ́ ọ níbi tí wọ́n bá ti ń gba ọkọ ìyàwó níyànjú, ẹ ó mi orí bí ẹni tó yé, ẹ ó sì tún bu ẹran jẹ. Ó dáa, ẹ sún mọ́ mi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀: ẹnikẹ́ni ò kú nínú ìtàn yìí, ẹnikẹ́ni ò sì kán lẹ́sẹ̀. Èmi kì í sọ ìtàn tó máa mú kí oúnjẹ korò lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀rù á bà yín díẹ̀, lẹ́yìn náà ara á tù yín.

Ìlú Òkè-Ìràwé ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Orí òkè ni apá kan ìlú náà wà, apá kejì wà nísàlẹ̀ létí odò, ọ̀nà ọ̀dà kan ṣoṣo ló sì so wọ́n pọ̀. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ débi pé bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ lókè, ará odò ni yóò jẹ ẹ́.

Nígbà kan, ìpara mọ́tò kan wọ ìlú náà. Òjò-Yàgò ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ọ̀dà o, kì í sì í ṣe ọṣẹ. Orí ọ̀dà mọ́tò ni wọ́n ń pa á sí, bí ẹ ṣe ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára, yóò sì bo ọ̀dà náà mọ́lẹ̀ kí oòrùn má lè pa á, kí òjò má sì lè rí i jẹ. Ọkùnrin tó gbé e wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó kun ìdajì mọ́tò ògbólógbòó kan, ó ní kí wọ́n bu omi dà á lórí. Háà! Níbi tí kò kùn, omi jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Níbi tó kùn, omi sá lọ bí ewúrẹ́ tó jí iṣu jẹ.

"Òjò rí i, ó yà!" ni ọkùnrin náà ń pariwo. "Eruku rí i, ó yà! Ìgbẹ́ ẹyẹ rí i, ó yà!"

Kò sí onímọ́tò tí kò rà á. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Ọlọ́yàgò. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pàdé lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àkísà rírọ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n ń pa mọ́tò wọn lára, tí wọ́n ń fi í wo ojú bíi dígí, tí wọ́n ń fi í fá irùngbọ̀n. Obìnrin kan wá wo ọkọ rẹ̀ títí, ó ní, "Baálé mi, ká ní èmi lẹ ń pa lára tó báyìí ni, òru ì bá má nílò àtùpà nílé wa."

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ọmọ aráyé. Òmíràn dé láti ìlú ńlá, wọ́n ní ó ń tàn ju Òjò-Yàgò lọ. Òmíràn tún dé, wọ́n ní ó ní òórùn ọsàn. Ló bá di pé wọ́n ń fi Òjò-Yàgò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èèyàn ṣe ń yọ́ jáde níbi ìwàásù tó gùn jù: ẹni yìí ní òun fẹ́ lọ tọ̀, ẹni yẹn ní ọmọ òun ń ké. Nígbà tó yá, ẹyọ ọkùnrin kan ló kù tó ń lò ó ní gbogbo Òkè-Ìràwé. Akínlàjà lorúkọ rẹ̀.

Akínlàjà ní Pijó kan tó fi ń gbé èrò láàárín òkè àti odò. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í bá èèyàn jà, kì í sì í tètè yí ọkàn padà. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀ ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Láṣebìkan, tó ti ṣe alága wọn rí, ló burú jù.

"Akínlàjà! Ìpara tí àwa ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, o ṣì ń pa á?"

"Ẹ̀yin lẹ gbàgbé rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Òjò ò tíì gbàgbé rẹ̀."

"Agbára ti tán lára rẹ̀, mo sọ fún ọ. Àwa tá a mọ nǹkan ti kúrò níbẹ̀."

Akínlàjà á rẹ́rìn-ín, á tún ki àkísà bọ agolo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí o. Akínlàjà fẹ́ fẹ́ ọmọ òkè kan, Ìbíyẹmí, aránṣọ tó lẹ́nu tó sì lẹ́wà. Ìbíyẹmí gbà. Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ gbà. Ìyá rẹ̀ ló kù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ìyá Ìbíyẹmí ṣe rí fún yín: obìnrin tó jẹ́ pé bó bá bọ́ sí àgbàlá, adìẹ á to ara wọn. Opó ni, ọmọbìnrin kan yìí náà ló sì bí. Wọ́n ti rò fún un pé mọ́tò ni ọkọ ọmọ rẹ̀ ń pa lára lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀.

"Ìbíyẹmí," ó ní, "ọkùnrin tó ń fi gbogbo Àìkú pa mọ́tò lára, ọjọ́ wo ni yóò ráyè pa ọmọ rẹ lára?"

"Màmá, ó láàyè."

"Màá fojú ara mi rí i. Ní Sátidé, kó wá fi mọ́tò ọ̀hún gbé mi. Mo fẹ́ wo ilé tó fẹ́ kó ọ sí. Bí ọ̀nà bá dùn mọ́ mi tí ilé sì tẹ́ mi lọ́rùn, kí wọ́n mú ọjọ́ ìyàwó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó máa fẹ́ agolo rẹ̀ lọ."

Ẹ rí i báyìí. Ìrìnàjò kan láti òkè dé ilé Akínlàjà létí odò ló máa sọ bóyá yóò rí ìyàwó fẹ́.

Kí lẹ rò pé Akínlàjà ṣe? Ó kun mọ́tò ni! Ó kun ún bí ẹni tí kò ní kun mọ́tò mọ́ láyé. Ó kun ara, ó kun òrùlé, ó kun bọ́ńpà níwájú àti lẹ́yìn. Ó kun ọwọ́ ilẹ̀kùn níta, ó wọlé ó kun èyí tó wà nínú. Ó wo awọ ìjókòó, ó rò ó pé ibẹ̀ gan-an ni àna òun máa jókòó sí, ó sì kun ún lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́tò wá ń kọ mànà. Eṣinṣin kan fẹ́ bà lé e, ó yọ̀, ó ṣubú, ó lọ ronú.

Ó wá ku òkúta. Ẹ mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìlú náà, bíréèkì ọwọ́ mọ́tò ibẹ̀ kì í sì í pẹ́ kú. Nítorí náà, gbogbo awakọ̀ Òkè-Ìràwé ló ní òkúta tirẹ̀ tó ń gbé sínú búùtù. Bó bá ti dúró, á sọ̀, á fi òkúta ti taya. Akínlàjà wo òkúta tirẹ̀, ó rí i pé ó dọ̀tí. Ó ní báwo ni irú taya tó dán báyìí yóò ṣe máa jókòó ti irú òkúta báyìí, níṣojú àna òun? Ó bá kun òkúta náà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí i. Ìfẹ́ ni.

Nígbà tó dé òkè, gbogbo agboolé jáde wá wò ó. Ó dúró síwájú ilé, ó fi òkúta dídán ti taya. Ìbíyẹmí fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún ìyá rẹ̀, ìka rẹ̀ yọ̀ kúrò. Ó tún dì í mú, ó tún yọ̀.

"Akínlàjà, kí ló ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn yìí?"

"Ó ń dán ni."

"Mo rí i pé ó ń dán. Ṣé ó ń ṣí?"

Etí ìró rẹ̀ ló fi wé e kó tó ṣí. Màmá wọlé pẹ̀lú gèlè gàgàrà, ó jókòó, kò sì tíì jókòó tán tó fi rí i pé òun ti dé ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́tò.

"Ta ló tì mí?"

"Kò sẹ́ni tó tì yín, mà," ni Akínlàjà dáhùn láti ìta, ó ti ń làágùn.

Màmá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó padà síbi tó ti kúrò, ó ń wo Akínlàjà. Àwọn ẹbí náà ń wò ó. Àbí ọkọ ọmọ á kàn gbé ìyá ìyàwó bí ẹni gbé ẹrù? Ó ní láti kí i kí gbogbo ayé rí i. Akínlàjà pa ilẹ̀kùn dé, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó bọ́ síbi tí Màmá ti lè rí i dáadáa láti ojú fèrèsé, ó sì ju ara rẹ̀ sílẹ̀, gbàgà! Àyà kan ilẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ tó gbóná ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó nà sẹ́yìn wá kan òkúta.

Òkúta mìíràn ì bá dúró. Òkúta Akínlàjà yọ̀ kúrò bí ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ ọmọdé.

Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò pariwo, kò gbọ̀n, ó kàn ń lọ jẹ́jẹ́. Akínlàjà ńkọ́? Akínlàjà wà nílẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, ó ń retí kí àna rẹ̀ sọ pé "Dìde, ọmọ mi," nítorí ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa kì í dìde kí wọ́n tó ní kó dìde. Ó retí títí. Ó ń rò ó lọ́kàn pé Màmá ń gbàdúrà gígùn fún òun ni.

"Akínlàjà, dìde! Màmá ti lọ!" ni Ìbíyẹmí kígbe.

"Wọ́n bínú ni?"

"Mọ́tò ló ń gbé wọn lọ!"

Ó gbójú sókè. Ó rí ìdí mọ́tò rẹ̀ tó ń dán lọ lójú ọ̀nà. Ó figbe ta, ó sì ki eré mọ́lẹ̀, Ìbíyẹmí bọ́ sálúbàtà sọ́wọ́, ó tẹ̀lé e.

Ní ti Màmá, ó kọ́kọ́ rò pé Akínlàjà ti dìde wọlé, wọ́n ti gbéra ni. Ó tilẹ̀ ń sọ fún awakọ̀ pé kó rọra. Nígbà tó na ọrùn wo iwájú, kò rí orí ẹnikẹ́ni. Ló bá dì mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó yọ̀. Ó dì mọ́ ìjókòó iwájú, ó yọ̀. Mọ́tò yà díẹ̀ sápá ọ̀tún, Màmá náà ṣí lọ sápá òsì. Mọ́tò yà sápá òsì, Màmá padà wá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nínú mọ́tò bí ọmọ ayò nínú apẹ̀rẹ̀.

Abẹ́ igi máńgòrò ni mọ́tò kọ́kọ́ gbà kọjá. Láṣebìkan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Ẹ wò ó, onípara àná ti ń bọ̀," ni Láṣebìkan sọ. Lẹ́yìn náà ló pariwo, "Yéè! Kò sẹ́ni tó ń wà á! Ìyáàgbà wà lẹ́yìn!"

Ẹ má gbàgbé, aláròyé ni wọ́n, wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Gbogbo wọn ló dìde. Láṣebìkan fò mọ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn, ó dì í mú bí ẹni di ìwo màlúù mú, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ kúrò, ó lọ jókòó sínú kòtò. Ọkùnrin kan tó taagun, tó ti ja ìjàkadì rí, gbá búùtù mọ́ àyà. Nígbà tó máa lajú, afẹ́fẹ́ ló gbá mọ́ra. Ẹ̀kẹta rí ọwọ́ ilẹ̀kùn gbá mú. Ohun tó rí mú jáde níbẹ̀ kò ju dídán lọ.

"Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi! Ó ti ń dán!"

Láṣebìkan jókòó sínú kòtò, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Háà! Ìpara yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ o!"

Mọ́tò ń lọ. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà nísàlẹ̀ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè. Ohun tí wọ́n rí ni mọ́tò tó ń dán bí ojú oòrùn, tí àgbà obìnrin wà nínú rẹ̀ níbi tí ọlọ́lá ń jókòó sí, tó ń ju ọwọ́. Kí lẹ rò pé ọmọ Yorùbá á ṣe? Wọ́n kúnlẹ̀! Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin ṣí fìlà.

"Ẹ káàsán o, mà!"

Màmá ì bá kàn kígbe. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé, kò lè gbọ́ kíkí kó má dáhùn. Bó ti ń yọ̀ lọ sí fèrèsé yìí, á ní, "Ẹ káàsán o! Ẹ gbà mí!" Bó ti ń yọ̀ lọ sí fèrèsé kejì, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ gbà mí! Ilé ńkọ́?" Wọ́n ń jùwọ́ sí i padà. Wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé ìyá yìí mà kóni mọ́ra o, ó lọ́lá kò sì gbéra ga.

Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ̀nà ti fẹ́ tẹ́jú kó tó kan odò, àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń sá láfún sórí ẹní. Ọdúnọlá ni olórí wọn. Ìyẹ̀fun láfún ti kùn ún láti ọwọ́ dé ìgbúnwọ́. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé ìyá inú mọ́tò kò rẹ́rìn-ín, ó sì rí Akínlàjà lókèèrè tó ń bọ̀ pẹ̀lú agbádá lọ́rùn bí ẹni tí ẹ̀fúùfù gbé.

"Ẹ̀yin obìnrin, odò ni mọ́tò yìí ń lọ! Ẹ dì í mú!"

Mọ́tò ti ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ́ dúró. Bó ti gba iwájú wọn kọjá, wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ o! Ọwọ́ àwọn ọkùnrin yọ̀, ọwọ́ àwọn obìnrin yìí ò yọ̀. Láfún lẹ̀ mọ́ ìpara, ọwọ́ lẹ̀ mọ́ láfún. Wọ́n fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn sẹ́yìn, wọ́n ń ké "Hẹ̀n-ẹ́n!" bí ẹni tó ń fa ẹran ọlọ́kàn líle. Mọ́tò wọ́ wọn, ó wọ́ wọn, ó ń rọ̀, ó ń rọ̀, ó dúró. Taya iwájú ti ń mu omi. Ọ̀pọ̀lọ́ kan fò gun ìmú mọ́tò, ó yọ̀ padà sínú odò.



Ọdúnọlá fi ọwọ́ láfún ṣílẹ̀kùn. Màmá tó fara ti ilẹ̀kùn náà yọ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi gbì lórí ẹní láfún. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ni kò funfun.

"Ṣé orí mi ṣì wà lọ́rùn?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Méjèèjì pé, mà."

"Gèlè ńkọ́?"

"Ó ti bódò lọ, mà. Ó gba ojú fèrèsé jáde."

"Kó máa lọ. Èmi ni mi ò bá a lọ." Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ran gbogbo wọn. Ọdúnọlá ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń nu omijé, ara tù wọ́n bí ìgbà tí aboyún bá gbóhùn ọmọ.

Akínlàjà dé. Ó rí àna rẹ̀ ní funfun, ó rò pé iwin ni. Nígbà tó mọ̀ pé òun ni, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Dúró!" ni Màmá kígbe. "Má dọ̀bálẹ̀ o! O ò rí ibi tí èyí tó o ṣe lókè gbé mi dé?"

"Kí n kí yín lóòró, mà?"

"Kí mi lóòró! Má tẹ̀ rárá!"

Akínlàjà kí i lóòró gbọnrangandan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó lọ sínú mọ́tò, ó mú agolo Òjò-Yàgò jáde, ó nawọ́ rẹ̀ sápá odò. "Màmá, bó bá jẹ́ pé nítorí èyí ni n ò fi ní rí Ìbíyẹmí fẹ́, ẹ wò ó, màá jù ú sómi báyìí."

Ìbíyẹmí ti sáré dé, sálúbàtà lọ́wọ́. Ó ń wo ìyá rẹ̀.

"Sọ ọwọ́ kalẹ̀ ná," ni Màmá wí. Ó yíjú sí Láṣebìkan, tó ti tiro dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ kòtò nídìí ṣòkòtò. "Wọ́n ní ẹ̀yin náà lò ó rí. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fi í sílẹ̀? Ṣé kò dán mọ́?"

"Ó ń dán, mà."

"Ṣé òjò ń rí i jẹ?"

"Kò rí i jẹ, mà."

"Kí ló wá dé?"

Láṣebìkan họ orí. "Òmíràn ló dé, mà."

Ìyàwó Láṣebìkan wà láàárín àwọn aláfún. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ̀n-hẹ́n. Mo gbọ́ o, Bàbá Ilé." Ọkùnrin náà fẹ́ padà sínú kòtò.

"Ẹ gbọ́ bí?" ni Màmá wí. "Òmíràn ló dé! Irú wọn kọ́ ni mo fẹ́ fún lọ́mọ. Ọmọ mi yóò darúgbó lọ́jọ́ kan, òmíràn ò sì ní yé dé. Ẹni tí gbogbo ìlú fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò tìtorí ẹ̀ fi nǹkan rẹ̀ sílẹ̀, ẹni yẹn lè dúró ti èèyàn. Akínlàjà, fi agolo rẹ sílẹ̀ sínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, gbogbo rẹ̀ kọ́ là ń kùn! Ohun tí kò bá ti ní ibi tí wọ́n ti lè dì í mú, ọjọ́ tó bá ń lọ sódò, ta ni yóò gbà á? Ó yá, ilé dà? Ilé ni mo wá wò."

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn débẹ̀. Wọ́n gbé àga kan fún un, kò jókòó, ó kọ́kọ́ fọwọ́ pa á. "Ṣé o ò kun èyí?" "N ò kùn ún, mà." Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó mu omi tútù, ó ní kí wọ́n mú ọjọ́ ìyàwó.

Ẹ ó bi mí pé àwọn yòókù ńkọ́. Láṣebìkan àti ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sí Òjò-Yàgò, nítorí ìpara tí ọwọ́ ọkùnrin alágbára ò lè borí, kí lẹ tún ń wá? Àwọn díẹ̀ ò padà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn òórùn ọsàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbóòórùn lọ. Ṣùgbọ́n lára gbogbo mọ́tò ìlú náà, títí dònìí, ẹ ó rí ibìkan lẹ́yìn búùtù tó ṣú, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, tí ẹnikẹ́ni kì í kùn.

Nígbà tó dọjọ́ ìyàwó, Akínlàjà fárí, ó fi òróró pa á, ó wọ aṣọ tí wọ́n lù títí tó fi ń kọ mànà. Ọ̀rọ̀ dídùn kún ẹnu rẹ̀. Ó ní òun ó gẹ Ìbíyẹmí bí ẹyin, òun ó tọ́jú rẹ̀ bí ojú, kò sí ibi tí kò fi oyin sí. Wọ́n ní kí ìyá ìyàwó wá ṣàdúrà. Màmá dìde, ó bọ́ síwájú, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ń dán láti orí dé bàtà. Ó na ọwọ́, ó di etí rẹ̀ kan mú, ó fà á wò.

Kò yọ̀.

"Ó dáa," ó ní, "ẹ máa mú ìyàwó lọ. Akínlàjà ọmọ mi, bí o bá máa dán, fi ibi ìdìmú sílẹ̀."